Ohun Tí A Rí Ni Kí A Kọ Sínú Fáìlì

Ọ̀rọ̀ fáìlì ilé ìwòsàn la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Ní wọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń yọ. Gbólóhùn kan nínú fáìlì lè mú kí wọ́n tètè fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ìrora rọlẹ̀. Gbólóhùn mìíràn lè mú kí wọ́n ní kó dúró ná, kí àwọn kọ́kọ́ wò ó bóyá lóòótọ́ ló ń dùn ún. Àìsàn kan náà, ènìyàn kan náà, òru kan náà. Ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀.

Àwa márùn-ún la jọ kọ èyí. Méjì nínú wa ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè. Akántìn ni ẹnì karùn-ún ń kà, ṣùgbọ́n òun ló mọ fáìlì jù wá lọ. SS ni. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì ni wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sínú fáìlì. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí "àwa" nínú àròkọ yìí, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń kọ̀wé àti ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ló jọ jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Nàìjíríà ni wọ́n ti ní i jù láyé, nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin wa ló sì jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mú èsì genotype wá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló mọ lẹ́tà méjì yẹn lórí ìwé tí a kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri. Ó rí pẹlẹbẹ, ó rí roboto, ó sì rọ̀ débi pé ó lè fún ara rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín jù lọ kọjá. Lára ẹni tó jẹ́ SS, bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára sẹ́ẹ̀lì náà, hẹmoglóbìnì inú rẹ̀ á so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì á le, á sì tẹ̀ bíi dòjé tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kórè. Sẹ́ẹ̀lì tó le báyìí máa ń há sínú iṣan kéékèèké. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́, eegun àti ẹran ara tó wà níwájú kò sì ní rí ọ́síjìn gbà.

Ìrora tó ń tẹ̀lé e ni wọ́n ń pè ní crisis. Kò sí egbò, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ẹ̀rọ X-ray lè má rí nǹkan kan. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè sọ bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó. Ẹnu aláìsàn ni ẹ̀rí tó wà. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí à ń gbà kọ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde fi ká wa lára.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí nínú ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, lọ́dún 1910. Aláìsàn rẹ̀ ni Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada tó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Ernest Irons, dókítà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Herrick, ló kọ́kọ́ rí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lábẹ́ maikirosíkóòpù lọ́dún 1904. Ohun tó wú wa lórí ni àkọlé tí Herrick fún ìwé rẹ̀. Kò tíì mọ ohun tó ń fa àìsàn náà, kò sì ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó kọ ohun tó rí: sẹ́ẹ̀lì pupa tó gùn, tó ṣàjèjì, tó rí bíi dòjé, lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ní 1922 ni Verne Mason fún àìsàn náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ara hẹmoglóbìnì gan-an ni àléébù náà wà. Ìmọ̀ ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Herrick kò yẹ̀, torí pé ohun tí ojú rí ni.

Láti ara dòjé yìí náà ni ọ̀rọ̀ "sickler" ti jáde. Sẹ́ẹ̀lì ni Herrick ń júwe. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì di orúkọ ènìyàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, òun ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá pàdé nínú ọ̀pọ̀ fáìlì. A ò tíì mọ ọjọ́ orí aláìsàn, a ò tíì mọ ohun tó gbé e wá, wọ́n ti sọ irú ènìyàn tó jẹ́ fún wa. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ibà ló gbé e wá lọ́jọ́ náà, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbá a.

Nígbà tí méjì nínú wa ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan dé. Ọmọ yunifásítì ni, kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ. Ó di itan rẹ̀ mú, kò sunkún, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, eegun itan mi méjèèjì ló ń ro mí. Ó ti ń ro mí láti àárọ̀ àná. Mo ti lo oògùn nílé, kò gbọ́." Nọ́ọ̀sì àgbà ṣí fáìlì rẹ̀. Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn pé sickler ni, pé kì í kúrò níbí, pé pentazocine ló máa ń fẹ́.

Bí a bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí irọ́ níbẹ̀. SS ni lóòótọ́. Ó ti wá rí lóòótọ́. Pentazocine ni wọ́n sì fún un nígbà yẹn kó tó rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ojú nọ́ọ̀sì yí padà. "Jókòó síbẹ̀ ná, jẹ́ kí dókítà dé." Dókítà wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó lé ní wákàtí méjì kí abẹ́rẹ́ tó dé. Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ìkà o. Òun kan náà ló bọ́ síwẹ́tà ara rẹ̀ fún ìyá arúgbó kan tí òtútù ń mú lóru ọjọ́ náà. Ohun tí fáìlì sọ fún un ló wọ̀ ọ́ létí ju ohun tí ọmọ náà sọ lọ.

Nígbà tí a sọ ọ́ fún ẹnì karùn-ún wa, kò yà á lẹ́nu. Ó ní bí òun bá sunkún, wọ́n á ní eré ni òun ń ṣe. Bí òun ò bá sunkún, wọ́n á ní kò dun òun tó bí òun ṣe ń wí. Ó ní òun ti kọ́ láti máa mú káàdì ìdánimọ̀ yunifásítì dání bí òun bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ ẹnìkan ni òun. Ẹ rò ó wò: ẹni tí eegun ń ro, tó ń wá káàdì kiri inú báàgì kó tó kúrò nílé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìtàn wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo la dì mú, ìwádìí wà. Ní 2018, Anna Goddu, Mary Catherine Beach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Journal of General Internal Medicine. Wọ́n kọ àkọsílẹ̀ méjì nípa aláìsàn kan tí wọ́n fọkàn rò: ọkùnrin adúláwọ̀, ọmọ ọdún 28, SS, tí ìbàdí ń dùn. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìṣègùn dọ́gba nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ ló yàtọ̀. Àkọsílẹ̀ kan sọ iye ìgbà tí ìrora máa ń mú un lọ́dún, ó sì sọ irú oògùn tó máa ń nílò nígbà náà. Èkejì ní oògùn ti di bárakú fún un, ó ní gbogbo ìgbà ló ń wá. Wọ́n fún 413 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà tó ṣì ń gba ẹ̀kọ́ ní ọ̀kan tàbí èkejì láti kà. Èrò àwọn tó ka èkejì nípa ọkùnrin náà kò dára, ìtọ́jú tí wọ́n sì yàn fún ìrora rẹ̀ kò lágbára tó ti àwọn tó ka àkọ́kọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fojú kan aláìsàn yìí rí. Ìwé ni wọ́n rí.

Ní 2021, Beach àti àwọn mìíràn tún gbé àkọsílẹ̀ gidi yẹ̀ wò. Wọ́n ń wá àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi hàn pé dókítà kò gba aláìsàn gbọ́: kí ó kọ pé aláìsàn "claims" tàbí "insists", tàbí kí ó fi àmì àyọlò yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ká bí ẹni ń yọ ṣùtì sí i. Wọ́n rí i pé irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú fáìlì àwọn adúláwọ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Níbí, adúláwọ̀ ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ ṣí fáìlì kí ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní rí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.

Ẹni tó ń kọ́ èdè nínú wa ló pe àkíyèsí wa sí Yorùbá. Bí ẹnìkan bá sọ ohun tó ń ṣe é, a ó ní: "Ó ní orí ń fọ́ òun." Kò sí iyèméjì nínú "ó ní", "òun" sì fi hàn kedere pé orí tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì ni. Ẹ wá gbìyànjú láti tú "patient denies cough" tí wọ́n ń kọ́ wa láti máa kọ. "Aláìsàn sẹ́ ikọ́." Ta ló fẹ̀sùn ikọ́ kàn án? Ẹni tí wọ́n bá ní ó jalè ló ń sẹ́. Yorùbá á kàn ní: "Ó ní òun ò wúkọ́." Láti ọjọ́ yẹn la ti ní òṣùwọ̀n kan tí a fi ń wọn gbólóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ojú á tì wá láti tú u ní Yorùbá sí aláìsàn létí, kò yẹ kó wà nínú fáìlì rẹ̀.

Èdè wa tún ní ẹ̀bùn mìíràn. Ibà ń ṣe mí. Inú ń run mí. Eegun ń ro mí. Nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, àìsàn ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Àìsàn ló ń ṣe é, èmi ni ó ń ṣe é sí, a sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àìsàn bá lọ, èmi á ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n a ò ní torí pé èdè wa ni ká máa yìn ín ṣá. Èdè yìí kan náà ló bí adẹ́tẹ̀ àti oníwárápá. Òun ló pe àìsàn SS ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: lónìí ó dà bí ẹni tó fẹ́ kú, lọ́la ó ti dìde. Síbẹ̀, ẹnì karùn-ún wa kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ikú pe òun, ṣé kí òun máa dáhùn ni?

Ẹ sì wo àrùn kògbóògùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe HIV àti éèdì. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ náà bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Àmọ́ láti nǹkan bí 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti wà tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè dàgbà, lè darúgbó, lè bí ọmọ tí kò ní in. Bí kòkòrò náà bá sì ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kì í ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ oògùn. Ẹni tó bá wá ka "kògbóògùn" lára pátákó, tó sì gbà á gbọ́, kí ló máa lọ gba oògùn fún? Orúkọ àìsàn lè gbó, kó di irọ́, kó sì ṣì máa pa ènìyàn.

A mọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan máa sọ. Wọ́n á ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, aláìsàn ọgọ́ta ń dúró, iná ti lọ, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ èdè." Òótọ́ ni, àkókò kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo méjì yìí. Àkọ́kọ́: "Sickler, ó tún ti dé, pentazocine ló ń fẹ́." Èkejì: "SS, ọmọ ọdún 20. Ó ní itan méjèèjì ń ro òun láti àárọ̀ àná, 9 nínú 10. Ó lo paracetamol nílé, kò rọlẹ̀. Ìgbà tó kọjá, pentazocine 30 mg mú un rọlẹ̀." Ẹni tó bá ka àkọ́kọ́ máa tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá ka èkejì ti mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ìlà méjì tó fi gùn ju àkọ́kọ́ lọ, ó dá àkókò náà padà.

Bí oògùn bá sì ti di bárakú fún aláìsàn kan lóòótọ́, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn náà ní bí a ṣe ń kọ ọ́: ọjọ́ tó gbà á, iye tó gbà, bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ àti iye ṣeé yẹ̀ wò. Aláìsàn pàápàá lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. "Ó fẹ́ràn abẹ́rẹ́" kò ṣeé yẹ̀ wò, kò sì ṣeé bá jiyàn.

Àwọn kan ti sáré lọ sí òdì kejì. Wọ́n ní kí a máa pe ẹni tó jẹ́ SS ní "warrior", jagunjagun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn náà fẹ́ràn rẹ̀, a ò sì bá wọn jà. Ẹnì karùn-ún wa ní tiẹ̀ ní, "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jagun. Akántìn ni mò ń kà." Oríkì dára lóde ìnáwó. Nínú fáìlì, àti oríkì àti èébú, kò sí èyí tó sọ ibi tó ń dunni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe nǹkan. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ pé ìwé sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ ní "mo" tàbí "a" nínú. A ó wá máa kọ "analgesia was delayed", bí ẹni pé oògùn fúnra rẹ̀ ló pẹ́ lọ́nà. Yorùbá kì í jẹ́ kí olùwà sá lọ pátápátá. A ó ní, "Wọn ò tètè fún un lóògùn," ẹni tó gbọ́ ọ á sì bèèrè pé, "Àwọn wo?" Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni. Ìwé tí James Watson àti Francis Crick fi ṣàlàyé bí DNA ṣe rí, tó jáde nínú Nature ní 1953, kò gùn ju ojú ìwé kan àti díẹ̀ lọ, "àwa" ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ project lọ́wọ́, ẹ bi ọ̀gá yín bóyá wọ́n á gbà kí ẹ kọ "a wọn ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì". Ẹni tó bá kà á á mọ ẹni tó máa bi léèrè bí nọ́ńbà kò bá dọ́gba.

Ohun tí àwa ń ṣe báyìí kò pọ̀. Kí a tó fọwọ́ sí ohun tí a kọ, a máa ń tún un kà bí ẹni pé ẹni tí a kọ ọ́ nípa rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn wa. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ ohun tí a rò, tí kì í ṣe ohun tí a rí tàbí tí a gbọ́, a ó yọ ọ́. Bí a bá ní láti kọ èrò wa, a ó kọ ọ́ pé èrò wa ni, a ó sì sọ ohun tó mú wa rò ó. Orúkọ ènìyàn ṣáájú, àìsàn tẹ̀lé e. Àwọn tó wà ní ìpele kejì ti ń bi wá ìdí tí a ò fi ń kọ "sickler", a sì ń sọ fún wọn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ lè bá wa tún èyí tó ti wà nínú fáìlì ṣe, torí pé ọwọ́ tiwa kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí a bá kọ lálẹ́ òní máa wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ti relé lọ sùn. Ẹni tó máa ṣí i lóru kò mọ̀ wá, kò sì ní rí wa bi ní ohun tí a ní lọ́kàn. Ohun tó bá kà ló máa bá ṣiṣẹ́.